Oyè Tí Phelim Aylward Kò Jẹ

Phelim Aylward kì í jókòó jẹun. Orí ìdúró ló ti ń mu tíì rẹ̀ láràárọ̀, ife lọ́wọ́ kan, búrẹ́dì lọ́wọ́ kejì, yóò máa rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà padà sídìí ààrò. Attracta ìyàwó rẹ̀ á ní, "Phelim, ilẹ̀ yẹn ò sá lọ. Fìdí lélẹ̀." Yóò ní òun gbọ́, yóò jókòó, kí o tó mọ̀, ó ti dìde. Iṣẹ́ tó bá irú ara bẹ́ẹ̀ mu ló sì ń ṣe. Ó ní mọ́tò ìtajà kan tó fi ń gba gbogbo oko tó wà láàárín Kilcorran àti Castlerea kiri, ó ń ta ṣúgà, tíì, ìyẹ̀fun, kẹrosíìnì àti sìgá lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn, ó sì ń gba ẹyin adìyẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin oko. Ilé wa àti tiwọn ló pààlà, èmi àti Attracta sì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ilé ìwé. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu àwọn fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni Phelim ní, Ambrose lorúkọ rẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í yá a lẹ́nu. Bàbá wọn, Garrett, já bọ́ láti orí òrùlé tó ń tún ṣe nígbà tí Phelim ṣì kéré, Ambrose sì fi ilé ìwé sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ lè lọ. Òun ló ra bàtà tí Phelim kọ́kọ́ wọ̀ láyé rẹ̀. Kò fẹ́ ìyàwó. Òun àti Delia, ìyá wọn, ló jọ ń gbé nínú ilé kékeré tó fẹ̀yìn ti ògiri òkúta gígùn tí àwọn Lọ́ọ̀dù Kilcorran, àwọn olóyè àjogúnbá ibí, mọ yí ilẹ̀ wọn ká láyé àtijọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Lọ́ọ̀dù wà lára wọn. Lucius, bàbá bàbá wọn, àbúrò Lọ́ọ̀dù ìgbà ayé tirẹ̀ ni. Ó lọ fẹ́ ọmọbìnrin tó ń fún wàrà màlúù ní ilé ńlá àwọn Lọ́ọ̀dù, ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí àwọn Lọ́ọ̀dù kì í ṣe, ni àwọn ẹbí rẹ̀ bá tì í síta, wọn ò sì ṣílẹ̀kùn fún un mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀yìn ògiri náà gan-an ló wá kọ́lé sí, bóyá kó lè máa gbọ́ ohùn wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ibí ti ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Bí Ambrose bá ti wọ ilé ọtí Tarpey, ẹnì kan á sọ ọ́ láti igun, "Ẹ dìde o, Lọ́ọ̀dù ti dé. Ẹ wá ibi tí wọ́n máa gbé bàtà onígbẹ̀ẹ́ màlúù yẹn sí." Ambrose á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mu ọtí rẹ̀, á lọ sílé.

Lọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn kú sí òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò láya, kò lọ́mọ. Ilé ńlá ti di àlàpà ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò kí wọ́n má baà san owó-orí lé e lórí, ìjọba sì ti pín ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Orúkọ nìkan ló ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ní ẹni tó kàn, obìnrin kan sì ti ń wá ẹni náà kiri.

Mísì Stackpoole ni wọ́n ń pe obìnrin náà, láti Dublin ló ti wá. Ìtàn ìran àwọn ọlọ́yè ni iṣẹ́ rẹ̀: ta ló bí ta, ta ló kú sógun, ta ni oyè fò kọjá lórí rẹ̀. Ó ń kọ ìwé ńlá kan tí yóò to gbogbo wọn sí. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ló dé ilé Delia, nígbà tí a ti Máàsì dé. Attracta ti ní kí n wá wo obìnrin Dublin, nítorí náà mo wà níbẹ̀. Mísì Stackpoole tẹ́ bébà gbọọrọ kan sórí tábìlì, ó gbé ìkòkò tíì lé etí rẹ̀ kan kó má baà ká. Igi ìdílé ló yà síbẹ̀, orúkọ rẹpẹtẹ lára ẹ̀ka.

"Ẹ̀ka yìí ti gbẹ," ó fìka lé e. "Èyí náà ti gbẹ. Èyí bí ọmọbìnrin nìkan, oyè yìí kì í sì í gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá. Ó wá ku ẹ̀ka Lucius. Lucius bí Garrett. Garrett bí..." Ó gbójú sókè. "Ta ni àgbà nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Èmi ni, mà," Ambrose dáhùn.

"A jẹ́ pé ẹ̀yin ni Lọ́ọ̀dù Kilcorran, bí ìwé bá ti pé."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Attracta. "Abọ́ tí Lọ́ọ̀dù fi jẹun ṣì wà nílẹ̀ tí a ò tíì fọ̀," ló wí.

Ambrose ò rẹ́rìn-ín. "Ìwé wo nìyẹn, mà?"

"Kò le. Ìwé ìgbéyàwó ìyá àti bàbá yín, àti ìwé ìbí yín. Ibì kan ṣoṣo ni òfin oyè ti le: ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ ṣáájú ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí ṣáájú, bí wọ́n tilẹ̀ lọ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì, ọmọ wọn ni lóòótọ́, ìjọba náà gbà á lọ́mọ. Ṣùgbọ́n oyè ò mọ̀ ọ́n."

Delia dìde. "Ẹ má bínú," ó ní, "àwọn adìyẹ mi ò tíì jẹun." Ó mú apẹ̀rẹ̀ àgbàdo, ó bọ́ síta. Phelim tó ń rìn lọ rìn bọ̀ létí fèrèsé ló rí i nígbà tó dúró láàárín àgbàlá, tí àwọn adìyẹ ṣùrù bò ó lẹ́sẹ̀, tí kò sì fọ́n ohunkóhun sílẹ̀ fún wọn.

Látọjọ́ náà, Ambrose di ẹlòmíràn. Ó ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́. Ó lọ sí ibojì àwọn Aylward, ó gé gbogbo ìtàkùn tó bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá ń fún wàrà, à ń gbọ́ ọ láti ojú ọ̀nà tó ń ka ìran rẹ̀ fún àwọn màlúù: "Èmi Ambrose, ọmọ Garrett, ọmọ Lucius, ọmọ Hyacinth tó kọ́ ilé ńlá, ọmọ Redmond tí ọba fi oyè dá lọ́lá, ọmọ Piers tí kò bá wọn sá lójú ogun." Ní ilé ọtí, Tarpey bi í pé, "Lọ́ọ̀dù mi, ṣé ẹ máa sanwó ni, àbí kí n kọ ọ́ sára ògiri ilé ńlá?" Ambrose ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀. Kò lórùlé, òjò á bá mi fọ̀ ọ́ nù." Gbogbo ilé ọtí yíjú wò ó kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, torí kò fèsì fún wọn rí. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò tíì rí ayọ̀ lójú Ambrose bẹ́ẹ̀ rí, àwọn tó sì dàgbà jù mí lọ náà sọ pé àwọn ò rí i rí.

Ọjọ́ kan tí Phelim ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Castlerea nínú mọ́tò ni ìyá náà sọ̀rọ̀.

"Phelim, dá mọ́tò dúró."

"Màmá, ìyá Coyne ń retí ìyẹ̀fun rẹ̀."

"Jẹ́ kó máa retí. Dá a dúró."

Ó dá a dúró lẹ́bàá odò. Delia ò wojú rẹ̀. "Ọkọ̀ òkun tó ń kó èédú ni bàbá yín ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ní Liverpool. A ti dájọ́ ìgbéyàwó. Ni ọkọ̀ wọn bá bàjẹ́ sí èbúté kan lọ́dọ̀ àwọn ará Sípéènì, wọn ò rí i tún ṣe. Ọjọ́ tí a dá kọjá lọ. Oyún ò mọ̀ pé ọkọ̀ bàjẹ́. Nígbà tí bàbá yín fi máa dé, Ambrose ti ń rẹ́rìn-ín séèyàn. Bàbá yín gbé e lọ́wọ́ níwájú fadá nígbà tí fadá ń so wá pọ̀. Kò sẹ́lòmíràn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àfi obìnrin tó ń gbálẹ̀."

"Ṣé Bọ̀dá mọ̀?"

"Ta ni ì bá sọ fún un? A padà wálé pẹ̀lú ọmọ wa, kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan."

"A jẹ́ pé..." Phelim ò lè parí ẹ̀.

"A jẹ́ pé ìwọ ni," ìyá rẹ̀ bá a parí ẹ̀.

Phelim jáde nínú mọ́tò. Ó rìn yí i ká, ó tún rìn yí i ká, ó fọwọ́ kan táyà bí ẹni pé táyà ló ń ṣàìsàn. Nígbà tó padà wọlé, ó wa mọ́tò kọjá ilé ìyá Coyne láì yà níbẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀. Nísinsìnyí, ọkàn rẹ̀ náà ò lélẹ̀ mọ́. Ó ń gbé iyọ̀ fún ẹni tó béèrè ṣúgà. Ó ń jí láàárọ̀ kùtù, á wa mọ́tò lọ sí ibi tí kò ní oníbàárà kankan, á dúró sẹ́nu ọ̀nà àbàtà, á padà. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Attracta, Attracta sì bá mi sọ ọ́ torí ó wúwo jù fún òun nìkan. Ohun kan tún wà tó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀: pé ní ọjọ́ kan, lóun nìkan nínú mọ́tò, òun pe orúkọ náà síta, "Phelim, Lọ́ọ̀dù Kilcorran," ó sì dùn létí òun. Ó tún un pè. Lẹ́yìn náà ló dá mọ́tò dúró, ó ṣílẹ̀kùn, ó tutọ́ síta.

Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dublin lọ bá Mísì Stackpoole. Ìwé ló kún gbogbo àga inú yàrá obìnrin náà, nítorí náà àwọn méjèèjì wà lórí ìdúró.

"Mà, ṣé ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ Kilcorran yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló dé?"

Phelim wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà wò ó títí.

"Ṣé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni?"

Phelim rìn lọ sójú fèrèsé. Mísì Stackpoole bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Aylward, mi ò ní béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó wá gba oyè náà, mi ò ní tú àpótí ẹnikẹ́ni wò. Màá kọ ọ́ pé oyè náà ń sùn, ìyẹn ni pé kò tíì kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Àmọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín bá béèrè fún un, wọ́n á wádìí, ohun tí wọ́n bá sì rí ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Mi ò lè fi irọ́ gbin igi ìdílé."

"Tí mo bá ní kó má béèrè ńkọ́?"

"Ìyẹn di ọwọ́ yín."

Ó kọjá tààrà láti ibùdókọ̀ sí ibùjẹ àwọn màlúù Ambrose. "Bọ̀dá," ó ní, "ẹ jẹ́ ká fi oyè yìí sílẹ̀. Kí la fẹ́ fi ṣe? Kò nílẹ̀, kò nílé."

Ambrose ò dáwọ́ wàrà tó ń fún dúró. "Ó ń dùn ọ́."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó ń dùn ọ́ ni. Láti kékeré ni mo ti ń gé tèmi fún ọ. Búrẹ́dì, bàtà, ilé ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí nǹkan wá kàn mí láyé mi, ìwọ lo wá ní kí n fi sílẹ̀."

Phelim yí padà. Ó jáde. Attracta ní ọkọ òun ò rí oorun sùn fún gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìgbà tí à ń gé koríko fún màlúù dé. Oòrùn ràn dáadáa, gbogbo wa wà ní pápá Ambrose, à ń yí koríko gbígbẹ pa dà, à ń kó o jọ. Nígbà tí Delia gbé tíì àti búrẹ́dì wá, Ambrose ní lọ́la lòun máa lọ bá lọ́yà ní Castlerea. Ó wí i bí ẹni tó ń sọ pé òjò ò ní rọ̀.

Delia gbé agolo tíì sílẹ̀. "Ambrose, jókòó."

Mo fẹ́ dìde kí n yàgò fún wọn. Delia ní, "Ìwọ náà jókòó. Kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi sàn ju kó o gbọ́ àyídáyidà rẹ̀ lọ." Ó wá sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: Liverpool, ọkọ̀ èédú, èbúté, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ níwájú fadá. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀.

Ambrose mu tíì rẹ̀ tán. Ó mú ọ̀pá ìkókoríko, ó lọ parí ìlà koríko tó fi sílẹ̀, dé òpin pápá, ó sì padà wá.

"Ta ló mọ̀ lẹ́yìn ẹ̀yin, Màmá?"

Delia wo Phelim.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Kí òdòdó tó yọ lára igi ẹ̀gún," Phelim ní.

"Gbogbo bí mo ṣe ń ka ìran fún àwọn màlúù yẹn, o mọ̀. O dúró lójú ọ̀nà, o ń gbọ́."

"Bọ̀dá, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni."

Ambrose fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó dáa. Ìwọ ló kàn. Lọ gbà á."

"Mi ò gbà á."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá máa gbà á, màá kọ́kọ́ lọ dúró níwájú àwọn lọ́yà, kí n gbé ọwọ́ lé Bíbélì, kí n pè yín lọ́mọ àlè. Búrẹ́dì yín lẹ fi bọ́ ẹnu yìí. Kò ní sọ ọ́."

"Èmi ní kó o sọ ọ́. Òótọ́ ni."

"Mi ò sọ."

"A jẹ́ pé àánú lo fẹ́ máa ṣe mí." Ohùn Ambrose ò lọ sókè, ìyẹn ló fi burú. "Wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé ọ lọ́wọ́, o wá ń jù ú nù lójú mi. Ì bá sàn kó o jẹ ẹ́. Kúrò ní pápá mi, Phelim."

Phelim lọ. Ó gba orí ògiri fò, kò tilẹ̀ rántí pé ẹnu ọ̀nà wà.

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà àbàtà tó jìn ni mọ́tò Phelim ń gbà kó má baà kọjá níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá wọn sì ń fẹsẹ̀ rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa láti wá bá ọmọ rẹ̀ kejì. Àwọn ará abúlé ò mọ̀dí ẹ̀. Wọ́n ní oyè ilé tí kò lórùlé ti sọ àwọn Aylward di wèrè, pé Phelim ń ṣe ìlara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi di pé ẹ̀gbọ́n náà jáwọ́. Tarpey sọ ọ́ sí Phelim létí nílé ọtí pé, "Ìwọ lo ba nǹkan jẹ́ fún ọkùnrin yẹn." Phelim ní, "Bóyá," ó san owó rẹ̀, ó jáde. Kò lọ síbẹ̀ mọ́.

Delia kú lọ́dún kejì, nígbà òtútù. Níbi tiwa, àwọn ọmọkùnrin ló ń gbé iwájú pósí, ẹni méjì tó bá wà ní ìbú kan náà á sì di èjìká ara wọn mú kí pósí má baà yẹ̀. Ambrose wà lápá òsì, Phelim wà lápá ọ̀tún. Mo rí i nígbà tí Ambrose na apá, tí apá náà dúró lófuurufú díẹ̀ kó tó bà lé èjìká àbúrò rẹ̀. Wọ́n gbé ìyá wọn bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ibojì.

Nígbà tí fadá ti lọ, Ambrose ní, "Ṣé ìyẹ̀fun wà nínú mọ́tò rẹ? Tilé ti tán."

"Ó wà."

"Gbé e wá lọ́la."

Bí wọ́n ṣe parí ìjà nìyẹn. Láti ìgbà náà, Phelim ń lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kábéèjì, kò sì sí Sunday kan tí Ambrose kì í bi í léèrè.

"Ṣé o ti lọ gbà á?"

"Mi ò tíì lọ."

"Olórí kunkun."

Nígbà mìíràn, bí àwàdà ló ṣe máa ń dún. Nígbà mìíràn, kì í ṣe àwàdà rárá, Phelim á sì padà sílé pẹ̀lú ojú kíkorò, á máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àìsàn ọkàn ló pa Ambrose, nídìí ògiri òkúta tó ń tò padà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni Mísì Stackpoole dé, ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. "Ọ̀gbẹ́ni Aylward," ó ní, "kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà máa pa lára mọ́. Mo ń tẹ ìwé mi lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé kí n dúró dè yín?"

Phelim ní kó fún òun láyè díẹ̀. Àyè tó gbà yẹn, ìyà ló fi jẹ ara rẹ̀. Ó wa mọ́tò dé ìdajì ọ̀nà Castlerea, ó yí padà. Ó tún lọ, ó dé ẹnu ọ̀nà lọ́yà, ó ka orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn, ó lọ ra ìṣó, ó padà wálé. Attracta ní, "Gbà á tàbí kó o kọ̀ ọ́, èwo ló kàn mí. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká sùn nínú ilé yìí."

Ó ránṣẹ́ sí Mísì Stackpoole pé òun ò gbà á. Attracta bi í pé kí ló dé, nígbà tí ẹni tó ń bò láṣìírí ti kú. Ó ní, "Bí mo bá gbà á báyìí, á dà bí ẹni pé ikú rẹ̀ ni mo ti ń dúró dè."

Ìwé náà jáde. Kilcorran wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Hyacinth àti Redmond àti gbogbo wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé oyè náà ń sùn. Phelim ò ní ọmọkùnrin, ọmọbìnrin méjì ló bí, nítorí náà tí òun náà bá lọ, a ti mọ ibi tí oorun yẹn máa yọrí sí.

Ita, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Sligo, mọ ìtàn náà báyìí. Lọ́dún tó kọjá tó wálé, a jọ ń jẹun nílé wọn, ni Ita bá bi í léèrè. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ tiẹ̀ fẹ́ oyè yẹn rárá?"

Mo rò pé yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mo fẹ́ ẹ," ó ní. "Mo fẹ́ ẹ gan-an. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí mo ṣì ń fẹ́ ẹ."

Ita bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́, mo sì bá a kó o.